Lẹ́tà Gbangba: Ẹ Wọn Omi Ọ̀ṣun Kí Ẹ Tó Pín In

Ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ti Ọ̀ṣun, ẹ̀yin aláṣẹ odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ní Abẹ́òkúta, a kí yín o.

Omi dáàmù Aṣẹ̀jìrẹ́ lórí odò Ọ̀ṣun, tí Ìbàdàn ń mu, la fẹ́ bá yín sọ. Kí Ọ̀ṣun tó dé ibẹ̀, wọ́n ti sé odò Ẹ̀rìnlẹ̀ tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ l'Ẹ́dẹ, pọ́ǹpù àwọn àgbẹ̀ ti fà á, ẹrẹ̀ àwọn tó ń wa góòlù lápá Iléṣà sì ti bá a pọ̀. Nísàlẹ̀ dáàmù, àwọn mìíràn ṣì ń retí kó tó wọ ọ̀sà. A fẹ́ ìwé kan tó máa sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ dẹwọ́ nígbà tómi bá fà.

Ìwọ̀n ló ṣáájú. Bí owó ẹ̀rọ bá ṣọ̀wọ́n, ọsàn tó: ó máa ń léfòó, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń wà nínú omi, débi pé atẹ́gùn kì í tì í kiri. Ẹ wọn 20 mítà níbi tí odò ti gún, ẹ ju ọsàn sí àárín odò níbi tí 20 mítà náà ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá fi ìṣẹ́jú àáyá 50 dé òpin 20 mítà náà, eré rẹ̀ jẹ́ 0.4 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀, torí omi ìsàlẹ̀ kì í yára tó tòkè. Ó di 0.34. Bí odò bá fẹ̀ tó mítà 8, tó sì jìn ní ìdajì mítà, 1,360 lítà ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pọ́ǹpù oníǹṣì mẹ́ta lè fa 1,000 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Bí ogún bá jọ ń fà, ìdámẹ́rin odò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ nìyẹn! Àgbẹ̀ kọ́ lọ̀tá o; a ò lè mu omi láìjẹ ẹ̀fọ́.

Ẹ kan pátákó ìwọ̀n mọ́ òkúta, kì í ṣe sínú iyanrìn tó ń ṣí kiri: ọ̀kan lókè adágún, ọ̀kan nísàlẹ̀ dáàmù. Kí ẹnì kan máa kà á láago méje àárọ̀. Bómi bá fà dé àmì òféèfé lára pátákó náà, kí àwọn àgbẹ̀ apá ọ̀tún odò fa omi lónìí, kí tapá òsì fa tiwọn lọ́la, kó má sì kọjá aago mẹ́sàn-án àárọ̀, torí oòrùn ọ̀sán ló ń jẹ omi oko. Bó bá dé àmì pupa, omi mímu àti ilé ìwòsàn nìkan ló kù. Kí àwọn tó ń fọ mọ́tò àtàwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù sinmi. Síbẹ̀, dáàmù gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Òfin omi ọdún 1993 fi odò tó gba ìpínlẹ̀ ju ẹyọ kan lọ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Kí ìpínlẹ̀ kankan má sọ pé tòun nìkan ni.

Ẹ wo páìpù ìgboro náà. Láago méjì òru, nígbà táwọn èèyàn ti pa ẹ̀rọ omi, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mítà bá kà, jíjò ni.

Ẹ lẹ ìwọ̀n omi àkọ́kọ́ síta ní Ìbàdàn àti Òṣogbo kí oṣù kọkànlá tó wọlé.

Àwa ni tiyín,
Ọmọ Ìbàdàn lókè òkun