Ẹ Jẹ́ Kí Ayọ̀ Ṣọ́lé: Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá Kúnlé

Bọ̀ọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ Ayọ̀ ọmọ yín ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé sí yín. Ó ní ẹ ti ní òun ò gbọdọ̀ ṣọ́lé mọ́ nídìí bọ́ọ̀lù, pé atamátàsé tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ni bàbá òun, atamátàsé lòun náà máa jẹ́. Ẹ ní ẹni bíni làá jọ. Mi ò jiyàn pé ó jọ yín. Ìrìn ẹ̀, èjìká ẹ̀, bó ṣe ń sáré, tiyín ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní orúkọ Abedi Pele, agbábọ́ọ̀lù Gánà, nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú Gánà ní 1982, ó gba ti Yúróòpù pẹ̀lú Marseille, ẹgbẹ́ kan ní Faransé, ní 1993, wọ́n sì tún fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn. Kò sí ìkankan nínú àwọn ọmọ ẹ̀ tó ní gbogbo ìyẹn. André àti Jordan dé àṣekágbá ife Áfíríkà ní 2015, àwọn méjèèjì gbá pẹ́nárítì tiwọn wọlé, síbẹ̀ Côte d'Ivoire borí wọn, 9 sí 8.

Àmọ́ ẹ tún wò ó, Bọ̀ọ̀dá. Abedi ò gbá bọ́ọ̀lù ní Ife Àgbáyé rí. Gánà ò tíì débẹ̀ nígbà tiẹ̀. André lọ ní 2010, ó lọ ní 2014, ó tún lọ ní 2022, ó sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Pọ́túgàl ní Qatar. Ta ló wá ju ta lọ nínú bàbá àtọmọ? Mi ò mọ òṣùwọ̀n tí wọ́n lè fi wọ̀n ọ́n. Bíi ti George Weah náà ni, ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo tó gba Ballon d'Or, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù, ní 1995. Làìbéríà, orílẹ̀-èdè ẹ̀, ò rí ọ̀nà dé Ife Àgbáyé. Timothy ọmọ ẹ̀, tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ló débẹ̀ fún Amẹ́ríkà, òun ló sì gbá ayò wọn sáwọ̀n Wales.

Ẹ máa ní Maldini ńkọ́. Òótọ́ ni. Cesare tó jẹ́ bàbá gba ife Yúróòpù gẹ́gẹ́ bíi balógun Milan, ẹgbẹ́ kan ní Ítálì, ní 1963, Paolo ọmọ ẹ̀ gba ti ẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi balógun Milan kan náà ní 2003. Ìdílé mélòó lẹ rí bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá ta gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ yọ, ara nìkan kọ́ ló gbé e débẹ̀. Olùkọ́ tó tètè rí i, orúnkún tí kò bàjẹ́, ẹgbẹ́ tó bọ́ sí lásìkò, gbogbo ẹ̀ ló ṣe kòńgẹ́ ara wọn. Ẹsẹ̀ ni ọmọ lè jogún.

Ó tún ku ẹnì kan. Edinho, ọmọ Pelé ti Bràsíl, aṣọ́lé ni! Santos, ẹgbẹ́ bàbá ẹ̀ gan-an, ló ti ṣọ́lé, wọ́n sì dé àṣekágbá líìgì Bràsíl ní 1995. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ó di bíi bàbá ẹ̀. Pelé gba Ife Àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì sẹ́lòmíì tó tíì ṣe bẹ́ẹ̀ láyé, yálà ọmọ ẹ̀ ni tàbí ọmọ ẹlòmíì. Ohun tó ń dùn mọ́ mi ni pé ọmọ náà mú ipò tó wù ú, ó sì ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Ayọ̀ ti mú tiẹ̀. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ ò tiẹ̀ rí i pé ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ ní fún un pọ̀? Àìmọye aṣọ́lé lẹ ti kojú ní pápá Adamásìngbà. Ẹ mọ èyí tó máa ń tètè ṣubú, ẹ mọ ibi tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ẹ mọ bí atamátàsé ṣe ń fi ojú tàn wọ́n jẹ kó tó gbá a. Ẹ pè é sí pápá nírọ̀lẹ́ Sátidé, kẹ́ ẹ máa gbá a sí i, kẹ́ ẹ sì máa ṣàlàyé fún un ohun tó wà lọ́kàn yín kẹ́ ẹ tó gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àbúrò yín,
Bọ́sẹ̀