Ọmọ tí ò ní àtàǹpàkò mọ́, fọ́ọ̀mù ní kó tẹ àtàǹpàkò

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ní nílùú òyìnbó, ẹni tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ àti ẹni tára ẹ̀ ò pé, ìjọba ló ń bọ́ wọn, pé ní tiwa níbí kò sí nǹkankan fún ẹnikẹ́ni, kí oníkálukú máa gbàdúrà ni. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, inú tún wá bí mi, nítorí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni, àbọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn sì ti jẹ́ kí àwọn kan pàdánù owó tó tọ́ sí wọn, ojú mi báyìí ló ṣe.

Kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní lágbègbè Alágbàká níbí l'Àkúrẹ́, mo ń tẹ̀wé, mo ń ṣe fótókọ́pì, mo ń bá èèyàn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti lé lọ́dún méjìlá. Àwọn ọ́fíìsì ìjọba ò jìnnà sí wa, torí ẹ̀ kò fẹ́ẹ̀ sí irú fọ́ọ̀mù tí n ò tíì bá èèyàn kọ. Mi ò kàwé lọ́yà o. Ṣùgbọ́n tó o bá ti ń tẹ ìwé oníwèé látàárọ̀ dalẹ́, díẹ̀díẹ̀ wàá máa mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n tètè dá tìlú òyìnbó yẹn lóhùn ná. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Manchester, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe, owó orí ń kúrò nínú owó oṣù ẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ́ sí fisà tó bá lọ pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba. Àwọn onílùú gan-an, wọn ò kàn máa pín in fún wọn bí ẹni ń pín sàráà. Èyí tí wọ́n ń pè ní PIP, tó wà fún àwọn àkàndá ẹ̀dá, ìṣòro ara yẹn gbọ́dọ̀ ti wà lára ẹ fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì rí i pé ó máa tó oṣù mẹ́sàn-án sí i kó tó lọ, tàbí kó má lọ mọ́. Wọ́n á wá bi ẹ́ bó o ṣe ń dáná, bó o ṣe ń wẹ̀, bó o ṣe ń wọṣọ, bó o ṣe ń rìn, wọ́n á máa fún ẹ ní máàkì, tí máàkì ẹ ò bá pé 8 o ò ní gba kọ́bọ̀, ó di 12 kó o tó gba èyí tó pọ̀. Ti ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní New Style JSA, ẹni tó ti ń dáwó inṣọ́ránsì ìjọba láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn ló wà fún, kò sì ju oṣù mẹ́fà lọ. Ìlànà ló ń darí wọn. Ohun tó kàn wà ni pé ìlànà yẹn, ọmọdé lè kà á lórí fóònù.

Àwa náà ní ìlànà. Kódà tiwa fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń lé èèyàn padà lọ.

Lóṣù kẹta ọdún yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó kí mi, ó wá fọwọ́ òsì na fọ́ọ̀mù sí mi. Ọwọ́ òsì! Mo gbójú sókè kí n kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé, àfi bó ṣe ní, "Ẹ má bínú, mà," tó fa ọwọ́ ọ̀tún yọ nínú àpò ṣòkòtò. Àtàǹpàkò ò sí níbẹ̀. Ìka méjì tó tẹ̀lé e náà ò sí níbẹ̀. Ojú ọgbẹ́ yẹn ti jiná, ó ń dán bí awọ tuntun. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ di ẹ̀gbin lẹ́nu mi, mo gbé àga fún un.

Sọ́mìlì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, ilé igi ni, sọ́mìlì ò wọ́n wa. Oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, igi kan ṣàdédé tàkìtì lójú ẹ̀rọ, ó fa ọwọ́ ẹ̀ wọlé. Fọ́máànù ló gbé e sórí ọ̀kadà lọ sọ́sípítù. Ọ̀gá san owó ọsibítù, n ò purọ́ mọ́ ọn, ó san án. Lọ́jọ́ kẹta ó wá kí i lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà lé e lọ́wọ́, ó mú ìwé kan jáde, pé kó tẹ ọwọ́ síbẹ̀. Ọwọ́ òsì náà ló fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà ìwé yẹn wà lọ́dọ̀ mi, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òun ti gba owó ìtura, òun ò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́ láéláé. Ọmọ tí wọ́n ṣì ń fún lábẹ́rẹ́ ìrora lọ́wọ́ o.

Nígbà tára ẹ̀ yá, ẹnì kan sọ fún un pé owó kan wà fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ó wá a lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó bá níbẹ̀ ní kó lọ mú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wá. Ó ní ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún òun. Ẹni yẹn ní, "Tó bá jẹ́ ojúmọ́ ni, o ò sí nínú ẹ̀ nìyẹn," ó ní kó mú ìwé owó oṣù wá bó bá rí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ní kó tún lọ mú ìwé míì wá. Ìgbà kẹrin ni wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù tó gbé wá bá mi yìí, nísàlẹ̀ ẹ̀ lójú ibi kékeré kan, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó tẹ àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún. Àwa méjèèjì wo ojú ibi yẹn. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wa òfin náà sí kọ̀ǹpútà, mo kà á títí iná fi lọ. Employees' Compensation Act ni wọ́n ń pè é, ọdún 2010 ni wọ́n ṣe é, NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló wà nídìí owó náà. Ẹni tó bá gba èèyàn síṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa dá náírà kan síbẹ̀ nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún náírà tó ń san fáwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀, òfin ò sì gbà kó yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Ta wá ni òṣìṣẹ́? Ibi tí mo ti fẹ́ dìde lórí àga nìyí. Òfin ní àdéhùn ẹnu lásán ti tó. Ó dárúkọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́, ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà díẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́, títí dórí ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí onílé. Gbogbo wọn ló wà nínú ẹ̀. Àwọn ṣọ́jà ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n sọ fún pé "o ò sí nínú ẹ̀" yìí, òfin ti kọ ọ́ sínú ẹ̀ kó tó mọ ibi tí sọ́mìlì wà.

Ìwé tó tẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Òfin yẹn kan náà ní òṣìṣẹ́ ò lè bá ọ̀gá ẹ̀ ṣàdéhùn pé òun yááfì ẹ̀tọ́ òun, pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, asán ni. Mo ka ibẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kejì, kò kọ́kọ́ gbà, ó ní, "Màámi, ṣé ó dá yín lójú? Mo ti tẹwọ́ sí i o." Ó ti lé lóṣù mẹ́fà tó ti ń gbé ìwé yẹn kiri bí ẹni pé wọ́n ti dá a lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ wá ló le níbẹ̀. Ẹni tó fara pa gbọ́dọ̀ fi tó ibi iṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹni tó fara pa á wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tiẹ̀ kí ọdún kan tó pé. Òfin fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní ìdí pàtàkì, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ máa bẹ ẹnikẹ́ni? Ti ọjọ́ 14 yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù, torí òfin ní téèyàn bá ti sọ fún alábòójútó iṣẹ́, ó ti tó, fọ́máànù tó gbé e lọ sọ́sípítù fúnra ẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ fún un? Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn ló kún aṣọ ẹ̀. Ti ọjọ́ 7 ni ọ̀gá ò ṣe. Àfi ìgbà tí mo wo káàdì ọsibítù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ló ti ń la igi ìdáná tí àdá fi gé e. Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Ó ní ìrora ò jẹ́ kóun mọ ohun tó ń lọ, pé fọ́máànù ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ gbọ́ o, àdá wo ló ń gé àtàǹpàkò pọ̀ mọ́ ìka méjì, tó sì jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń fọwọ́ ọ̀tún mú àdá?

Kí wọ́n má baà ní mò ń gbè lẹ́yìn ẹnì kan, mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa náà ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n ti wá bá mi pé kí n bá wọn tẹ ìwé dókítà tí kò sí dókítà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ti ní kí n fa déètì sẹ́yìn, ọkùnrin kan tó lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì ní kí n kọ ọ́ pé ẹ̀yìn òun ti yẹ̀. Mo lé e jáde. Torí irú wọn làwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ṣe ń le bí ojú ẹja, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọgbẹ́ ẹ̀ wà níta gbangba ni wọ́n ń dá padà, alápò sìmẹ́ǹtì yẹn á wá ẹlòmíì tó máa tẹ̀wé fún un.

Ti ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kúrú. Ìjọba ò san owó àìríṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni níbí, òótọ́ ni olùkọ̀wé yín sọ níbẹ̀ yẹn. Ohun tó wà ni pé ẹni tó bá ní àkáǹtì pẹ́ńṣàn tí wọ́n ń dáwó sí lóṣooṣù, bí kò bá tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún, tó sì wá iṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin tí kò rí, òfin ọdún 2014 gbà á láyè kó mú ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà, kò gbọ́dọ̀ ju 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Owó ara ẹ̀ ni o, kì í ṣe ìrànwọ́. Obìnrin kan tí wọ́n dá dúró níṣẹ́ tó sunkún ní ṣọ́ọ̀bù mi lóṣù kejì tó wà nílé, ó ní, "Mà, ṣé ebi ò mọ̀ pé oṣù mẹ́rin ò tíì pé ni?" Mi ò rí èsì fún un, mo ra búrẹ́dì.

Ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń ní kí àwọn àkàndá ẹ̀dá gùn, mo fẹ́ gbójú fò ó, kò ṣeé gbójú fò. Òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kìíní ọdún 2019 fún gbogbo ilé ìjọba lọ́dún márùn-ún kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé, ọdún márùn-ún yẹn sì ti pé láti 2024. Òfin náà tún ní nínú òṣìṣẹ́ ọgọ́rùn-ún níbi iṣẹ́ ìjọba, ó kéré tán kí márùn-ún jẹ́ àkàndá ẹ̀dá. Bàbá kan tó ń fi igi méjì rìn wá ṣe fótókọ́pì lọ́dọ̀ mi, wọ́n ní kó wá fi ara ẹ̀ hàn lókè kejì kí wọ́n lè mọ̀ pé lóòótọ́ ni ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Bó bá lè gun òkè kejì, ẹ̀rí wo ló kù?

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí, Olóòtú. Ẹ ti fi odidi ojú ewé kan ṣe ti bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ fún wa ní ààbọ̀ ojú ewé, ẹ kọ àwọn ọjọ́ yẹn síbẹ̀ ní Yorùbá gidi, lẹ́tà gàdàgbà, ọjọ́ 14, ọjọ́ 7, ọdún kan, kẹ́ ẹ kọ ọ́ pé ojúmọ́ wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ pé kí òṣìṣẹ́ tó fara pa tàbí ẹni ẹ̀ fúnra wọn sọ fún nọ́ọ̀sì ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹlòmíì bá wọn sọ ọ́. Kí wọ́n gé e lẹ̀ mọ́ ògiri sọ́mìlì, ilé búrẹ́dì, ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Mo ti tẹ tèmi, ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, mo ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù mi ò ju yàrá kan lọ.

Ọmọ sọ́mìlì yẹn, àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti gbà láti kọ ohun tí wọ́n rí. Ẹnì kẹta ní òun ṣì ń jẹun níbẹ̀. A ti lọ sọ́sípítù lẹ́ẹ̀mejì nítorí káàdì, wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pé nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ wà lórí líìfù. Lójú ibi àtàǹpàkò, mo ní kó tẹ ti òsì, mo sì fi báírò kọ ìdí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọdún kan ẹ̀ máa pé lóṣù tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Màmá Oníkọ̀ǹpútà,
Alágbàká, Àkúrẹ́.