Ta ló fi irọ́ sẹ́nu Ruby Bates?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹnì kan kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé obìnrin tó bá purọ́ mọ́ ọkùnrin, ẹ̀wọ̀n ni kí wọ́n sọ ọ́ sí, kí wọ́n má bi í ní nǹkan kan. Irọ́ yẹn burú, ó ń pa èèyàn, mi ò jiyàn. Àmọ́ kí wọ́n má bi í ní nǹkan kan kẹ̀? Ọ̀rọ̀ Scottsboro, ìlú tí wọ́n ti gbẹ́jọ́ àwọn ọmọkùnrin dúdú kan tí wọ́n purọ́ mọ́, ló sọ sí mi lọ́kàn.

March 25, 1931, ní Alabama lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́ kiri fò mọ́ ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó àti dúdú, nígbà tí ọkọ̀ fi máa dé ìlú Paint Rock, àwọn ọkùnrin oníbọn ti ń dúró. Wọ́n kó ọmọkùnrin dúdú mẹ́sàn-án, èyí tó kéré jù nínú wọn ò ju ọmọ ọdún 13 lọ. Wọ́n tún bá obìnrin òyìnbó méjì níbẹ̀, Victoria Price ọmọ ọdún 21 àti Ruby Bates ọmọ ọdún 17, ṣòkòtò iṣẹ́ ọkùnrin ni wọ́n wọ̀. Ni àwọn obìnrin náà bá ní àwọn dúdú yẹn fipá bá àwọn lò pọ̀. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti dájọ́ ikú fún mẹ́jọ nínú wọn.

Ta wá ni Ruby? Ọmọ tálákà, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òwú ní Huntsville, iṣẹ́ tí wọn kì í rí ṣe lójoojúmọ́. Àwọn òyìnbó olówó ò ka irú ẹ̀ sí èèyàn. Wọ́n lè tì í mọ́lé lọ́jọ́ yẹn pé alárìnkiri ni, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè yọ ọ́, wọ́n sì ti pèsè ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Bó ṣe sọ ọ́ báyìí, ló di obìnrin abiyì tí gbogbo ìlú ń gbèjà.

Ní kékeré mi, ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà nílé onílé wa, kò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Owó sọnù, màdáàmù mú kòbókò dání, ó ní, "Ṣé ọmọ yàrá kejì yẹn ló jí i àbí ìwọ?" Ẹ̀gbọ́n mi ni ọmọ yàrá kejì yẹn. Kí lẹ fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sọ? Wọ́n na ẹ̀gbọ́n mi débi pé kò lè jókòó, lọ́jọ́ kejì wọ́n rí owó nínú ìrọ̀rí màdáàmù fúnra ẹ̀, ni wọ́n bá tún dojú kọ ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn pé òpùrọ́ ni. Kòbókò kan náà ni wọ́n fi nà án.

Victoria ò yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà títí tó fi kú, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e. Ṣùgbọ́n Ruby yí tiẹ̀ padà. Ní April 1933 ó wá sí kóòtù ní Decatur, ó dúró níwájú àwọn júrì, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́ náà, òyìnbó ọkùnrin ni gbogbo wọn, ó ní irọ́ làwọn pa, àwọn ọmọ yẹn ò fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ mọ nǹkan tí lọ́yà ìjọba ń bi í? Níbo ló ti rí aṣọ tuntun tó wọ̀! Nígbà tó ń purọ́, kò sẹ́ni tó bi í léèrè aṣọ. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Wọ́n tún dájọ́ ikú fún Haywood Patterson, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Ruby bá àwọn ìyá àwọn ọmọ yẹn lọ sí Washington láti lọ bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí wọn. Àwọn ìyá yẹn gbà kó bá àwọn rìn.

Èmi òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.