Pàṣán tó wà lájà: lẹ́tà sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń rìn lóru

Ẹ̀yin ọmọ mi lọ́kùnrin lóbìnrin,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ọ̀rọ̀ òfin tí wọ́n fi ń ṣọ́ ilé ijó òru ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti bí wọ́n ṣe ń tibẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀. Èmi kò fẹ́ràn ilé ijó, n kò sì ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni fi ara rẹ̀ ṣòwò. Bí ẹ bá bi mí, n ó ní kí ẹ jìnnà sí i. Síbẹ̀, n kò lè tìtorí ohun tí n kò fẹ́ gbà pé kí wọ́n máa wọ́ ọmọ ènìyàn nílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Abuja. Ó parí iṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró de ọkọ̀, ni àwọn agbófinró bá mú un lọ, wọ́n ní aṣẹ́wó ni. Aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀ wà ní kíká nínú báàgì, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó ṣí báàgì náà fi hàn wọ́n. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ délé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti san owó tí kò ní rìsíìtì.

Nígbà tí èmi wà lọ́dọ̀ọ́, wáńdàrìn, ìyẹn rírìn kiri láìnídìí, ni wọ́n ń pe irú ẹ̀sùn báyìí, ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n sì ń fi kó. Ìjọba ológun fagi lé e ní ọdún 1989. Orúkọ ló kàn yí padà.

Dorothy Njemanze, òṣèré fíìmù, àti àwọn obìnrin mìíràn pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní Ilé-ẹjọ́ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí pé àwọn agbófinró gbé wọn ní ìgboro Abuja láàárín ọdún 2011 sí 2013, tí wọ́n sì pè wọ́n ní aṣẹ́wó. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ náà ní kò sí òfin tó sọ pé obìnrin tí a bá rí níta lóru jẹ́ aṣẹ́wó, ó sì ní kí ìjọba san mílíọ̀nù 6 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta tó jàre. Ọdún kan àbọ̀ péré lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, wọ́n tún ya bo ilé ijó àti òpópónà Abuja, wọ́n kó obìnrin tó lé ní 60. A kò gbọ́ pé wọ́n kó àwọn ọkùnrin tó wá najú níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín rẹ́rìn-ín nígbà náà, ẹ ní ìyà tó tọ́ sí wọn ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹni tó gbé oníjó lónìí náà ló gbé nọ́ọ̀sì wa.

Nítorí náà, ẹ mọ ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Abala 35 ní o lè dákẹ́ títí o ó fi bá lọ́yà tàbí ẹni tí o bá yàn sọ̀rọ̀; ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn rẹ fún ọ láàárín wákàtí 24, ní èdè tí o gbọ́; bí ilé-ẹjọ́ bá sì wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé ọ débẹ̀. Abala 36 ní a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí nínú òfin tí a kọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá mú ẹnìkejì yín, ẹ má sùn. Ẹ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, ẹ béèrè ẹ̀sùn rẹ̀ ní kíkọ, ìbáà jẹ́ pé ẹ kò fẹ́ràn iṣẹ́ tó ń ṣe.

Láti ilé ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń wọ aṣọ funfun rẹ̀ báyìí, òun náà ló sì ń wọ̀ bọ̀ nílé lóru, kí wọ́n lè rí i pé ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀.

Èmi ni bàbá yín.