Lẹ́tà sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí ọ̀rọ̀ àwọn alákatakítí

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní olùkọ́ yín ní kí ẹ kọ ohun tó ń sọ àwọn Mùsùlùmí kan di alákatakítí láyé òde òní, àti pé kíláàsì yín ti pín sí méjì: apá kan ní ìṣẹ́ ni, apá kejì ní inú Kùránì ló ti wá. O wá fẹ́ kí n sọ apá tó jàre. Kò sí èyí tó jàre nínú wọn. Wọ́n ti mú ìdáhùn dání kí wọ́n tó wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ti ìṣẹ́ kò ní gbà wá lákòókò. Umar Farouk Abdulmutallab tó fẹ́ fi bọ́ǹbù fọ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí Detroit lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2009, ọmọ bàbá olówó ni, London ló ti kàwé ìmọ̀ ẹ̀rọ. Tálákà kún Jígáwá bí wọ́n ṣe kún Borno, síbẹ̀ kì í ṣe Jígáwá logun Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́ máa ń jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ tí wọn yóò rán. Kì í ṣe òun ló ń sọ fún ẹni tó rán an pé kí ó rán an.

Ti Kùránì nira díẹ̀, torí àwọn tó ń pa èèyàn ń ka ẹsẹ Kùránì sí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà ló wà lọ́wọ́ àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó àti Ìlọrin ti pẹ́. Kí o sì ṣọ́ra, má da líle ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ ogun. Àwọn ọmọlẹ́yìn Àlùfáà Bámidélé wà n'Ìbàdàn láti ayé àwọn bàbá wa: ọkùnrin wọn ń dá irùngbọ̀n sí, wọ́n ń wé láwàní, obìnrin wọn wà ní ẹ̀há. Àwọn aládùúgbò lè máa sọ tiwọn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ pé wọ́n gbé ìbọn dìde sí ìlú. Bó bá jẹ́ irùngbọ̀n lo fi ń mọ ẹni tó léwu, aláìṣẹ̀ ni o máa kó, ẹni tó yẹ kí o wò yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá.

Ohun tó yí padà ni pé ta ló láṣẹ láti túmọ̀ ẹ̀sìn. Nígbà kan, kí èèyàn tó lè sọ pé báyìí ni Ọlọ́run wí, yóò ti jókòó lẹ́sẹ̀ àlùfáà fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò ka ìwé kan tán lójú rẹ̀, àlùfáà náà yóò sì yọ̀ǹda fún un láti kọ́ ẹlòmíràn. Ìwé títẹ̀, iléèwé ìjọba àti kásẹ́ẹ̀tì ló já okùn yẹn. Hassan al-Banna tó dá ẹgbẹ́ Ikhwan (ẹgbẹ́ Ọmọ Ìyá Mùsùlùmí, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Muslim Brotherhood) sílẹ̀ ní Ismailia, nílẹ̀ Íjíbítì, lọ́dún 1928, tíṣà ni, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 22. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ni Tọ́kì fagi lé ipò kálífà, ìyẹn ipò olórí gbogbo Mùsùlùmí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì wà ní Suez nítòsí ibẹ̀, àwọn ni ọ̀gá, ọmọ onílẹ̀ ni lébìrà. Ìbéèrè al-Banna kò le: báwo làwa tá a ti ń jọba tẹ́lẹ̀ ṣe dẹni tí wọ́n ń pàṣẹ fún? Ó ní torí a kúrò lórí ìpìlẹ̀ ni. Maududi tó dá ẹgbẹ́ Jamaat-e-Islami sílẹ̀ ní Íńdíà lọ́dún 1941, oníròyìn ni. Sayyid Qutb, ọmọ ẹgbẹ́ Ikhwan, aṣelámèyítọ́ lítíréṣọ̀ àti òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni. Bí ẹnìkan bá wá sọ fún ọ pé ńṣe ni wọ́n kàn fẹ́ dá ayé padà sí ìgbà Ànábì, bi í pé ìgbà wo ni ẹgbẹ́ tó ní akọ̀wé, ẹ̀ka ìpínlẹ̀ àti ìwé ìròyìn ti wà nígbà Ànábì.

Owó epo tẹ̀ lé e. Saudi ti dá Yunifásítì Ìsìláàmù Mẹ̀dínà sílẹ̀ lọ́dún 1961. Nígbà tí owó epo rọ̀bì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin láàárín 1973 sí 1974, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwé ọ̀fẹ́ àti mọ́sálásí tuntun di ohun tí wọ́n ń há kárí ayé. Lọ́dún 1978, wọ́n dá Izala, ẹgbẹ́ tó fẹ́ fọ ẹ̀sìn mọ́, sílẹ̀ ní Jos. Ismaila Idris ló síwájú, Abubakar Gumi sì wà lẹ́yìn wọn. Àwọn ẹgbẹ́ Súfì, Kádíríyà àti Tìjáníyà, ni wọ́n dojú kọ, pé àdádáálẹ̀, ohun tí Ànábì kò fi lélẹ̀, ni àwọn yẹn ń ṣe. Ìjà mọ́sálásí pọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n Izala ń kọ́ iléèwé, ó ń rán ọmọ obìnrin lọ kàwé. Ẹni tó bá fa ìlà gbọọrọ láti Saudi dé Sambisa, igbó tí Boko Haram fi ṣe ibùba, ti fo apá tó pọ̀ jù nínú ìtàn.

Apá tó fò ni ẹ̀wọ̀n. Nasser, olórí Íjíbítì, ju Qutb sẹ́wọ̀n lọ́dún 1954, wọ́n sì fìyà jẹ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ìwé tó kọ jáde lọ́dún 1964, wọ́n yẹgi fún un ní oṣù Kẹjọ 1966. Ohun tí àwọn kan gbé kúrò lẹ́wọ̀n yẹn ni pé Mùsùlùmí tó ń fìyà jẹ Mùsùlùmí kì í ṣe Mùsùlùmí mọ́. Ibí ni ẹnu ọ̀nà. Bí o bá ti gbà pé olórí ìlú tó ń kírun ti di kèfèrí, ìyókù ń bọ̀ fúnra rẹ̀: sọ́jà rẹ̀, adájọ́ rẹ̀, tíṣà rẹ̀, ẹni tó dìbò fún un. Fátúwà (ìdájọ́ ẹ̀sìn) tí àlùfáà Ibn Taymiyya ṣe sí àwọn Mongol tó ń pe ara wọn ní Mùsùlùmí ní nǹkan bí ọdún 1300 ni wọ́n fi ń gbe ẹ̀rí rẹ̀. Fátúwà yẹn náà ni àwọn tó pa Sadat, Ààrẹ Íjíbítì, lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹwàá 1981 gbára lé. Orúkọ Ibn Taymiyya ni Muhammad Yusuf, ẹni tó dá Boko Haram sílẹ̀, fi sọ mọ́sálásí rẹ̀ ní Maiduguri.

Maiduguri ni kí o ti lo àkókò jù. Lọ́dún 1999, Zamfara kéde ṣàríà, ìpínlẹ̀ mọ́kànlá mìíràn tẹ̀ lé e. Mẹ̀kúnnù rò pé ìdájọ́ òdodo dé. Lọ́dún 2000 wọ́n gé ọwọ́ ẹni tó jí màlúù. Ẹni tó jí owó ìpínlẹ̀ ń gun jíìpù. Yusuf kò nílò ju pé kó tọ́ka sí i. Ó ní ṣàríà tí ìjọba tó ń lo òfin èèyàn ń darí kì í ṣe ṣàríà, iṣẹ́ ìjọba àti iléèwé rẹ̀ sì di èèwọ̀. Ó ń bọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ó ń yá wọn lówó òwò, ó ń bá wọn ṣètò ìgbéyàwó. Àwọn kan fa ìwé ẹ̀rí yunifásítì wọn ya.

Ta ló kọ́kọ́ tako Yusuf? Kì í ṣe ọlọ́pàá. Ja'afar Mahmud Adam, ọ̀gá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó kàwé ní Mẹ̀dínà, ni. Ja'afar béèrè pé bí Mùsùlùmí bá fi iléèwé àti ọ́fíìsì sílẹ̀, ta ni yóò máa tọ́jú aláìsàn wọn, ta ni yóò sì máa jọba lé wọn lórí? Wọ́n yìnbọn pa á ní mọ́sálásí rẹ̀ ní Kano nígbà tó ń kírun àsùbáà, oṣù Kẹrin 2007.

Wàyí o, hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù Kìíní 2009 ni òfin ti ní kí gbogbo ọlọ́kadà máa dé e. Ní oṣù Kẹfà, àwọn ọmọlẹ́yìn Yusuf ń lọ sin òkú ní Maiduguri lórí ọ̀kadà, wọn ò dé e, àwọn agbófinró dá wọn dúró, ọ̀rọ̀ di yánpọnyánrin, wọ́n sì yìnbọn lu mẹ́tàdínlógún nínú wọn. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì, kò sí ìwádìí. Lọ́jọ́ 26 oṣù Keje, ìjà bẹ́ ní Bauchi, ó tàn dé Borno. Lọ́jọ́ 30, sọ́jà mú Yusuf láàyè, wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò níwájú kámẹ́rà, wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, òkú rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọlọ́pàá ní ó fẹ́ sá ni. Ó ju 800 èèyàn lọ tó kú láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 2010, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ já ẹ̀wọ̀n Bauchi, Shekau, igbákejì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, sì ti gorí àga. Ẹni tó ń bá àlùfáà jiyàn kú. Ẹni tí kò fẹ́ jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Lọ́dún 2016, ọmọ Yusuf fúnra rẹ̀, Abu Musab, ya kúrò lọ́dọ̀ Shekau, torí Shekau ń ka gbogbo Mùsùlùmí tó ń gbé lábẹ́ ìjọba sí kèfèrí, ó ń fi bọ́ǹbù fọ́ ọjà àti mọ́sálásí wọn.

O béèrè pé kí ló dé tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá. Ìdáhùn tí mo fọkàn tán jù ni iléèwé. Ní Òkè Ọya, Gẹ̀ẹ́sì dáàbò bo àwọn ẹ́míà, wọn ò jẹ́ kí míṣọ́nnárì wọlé, iléèwé wá ṣọ̀wọ́n. Nígbà tó dé, ti ìjọba ni, ti àlejò ni. Lọ́dọ̀ tiwa, míṣọ́nnárì ń gba ọmọ wọlé, ó ń yí orúkọ rẹ̀ padà. Àwọn bàbá Mùsùlùmí l'Ékòó kò pe ìwé ní èèwọ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ lọ́dún 1923, Nawair-ud-Deen tẹ̀ lé e l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1939, wọ́n sì kọ́ iléèwé tiwọn, kí Ràímì lè lọ kí ó sì padà wálé gẹ́gẹ́ bíi Ràímì.

Ṣùgbọ́n má fi ìyẹn yangàn nínú iṣẹ́ rẹ o. Michael Adebolajo àti Michael Adebowale tó pa sọ́jà Lee Rigby ní Woolwich lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2013, o rí orúkọ wọn. London ni wọ́n bí wọn sí, inú ilé Kristẹni ni Adebolajo dàgbà sí, ó gba Ìsìláàmù, ó sì ń bá ẹgbẹ́ al-Muhajiroun, ẹgbẹ́ alákatakítí kan ní Britain, jáde ìwọ́de. Kò sí ilé kéwú kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Kọ ọ́ ní ìtòtẹ̀léra ọdún, má kọ ọ́ ní "ohun kìíní, ohun kejì". Tí o bá dé 2009, fa ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó wà láàárín ìsìnkú oṣù Kẹfà àti ìjà Bauchi gùn dáadáa, kí o sọ ẹni tó ṣe kí ni àti ẹni tó dákẹ́. Fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó fi lé olùkọ́ lọ́wọ́.

Àǹtí rẹ