Àwọn tí ebi ti ń pa tẹ́lẹ̀ ló ń di òpó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka àròkọ yín lórí Dictyostelium discoideum, ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín inú ilẹ̀ igbó tí onímọ̀ Kenneth Raper rí ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà, ní 1933. Ẹ pè é ní olú. Kì í ṣe olú, àmíbà ni, ohun ẹlẹ́mìí tí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo jẹ́ gbogbo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò dùn mí tó ìparí ọ̀rọ̀ yín, níbi tí ẹ ti ní ó ń kọ́ wa ní ìṣọ̀kan àti ìfara-ẹni-rúbọ.

Nígbà tí bakitéríà tí wọ́n ń jẹ bá pọ̀ nílẹ̀, kálukú àmíbà ń jẹ tirẹ̀ ni. Ìgbà tí oúnjẹ bá tán ni àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ cAMP jáde, lẹ́ẹ̀kan láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 6, bí ẹni ń lu agogo kéde. Sẹ́ẹ̀lì tó bá gbọ́ ọ (mo mọ̀ pé kò létí, ẹ gbà mí láyè) á tú tirẹ̀ náà, á sì forí lé ibi tí ìró ti wá. Wọ́n lè tó 100,000 tí yóò para pọ̀ di ohun kan bí ìgbín tí kò ní ìkarahun, tí kò gùn ju mìlímítà díẹ̀ lọ, tí ń wọ́ lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Kí wákàtí 24 tó pé, ó ti nàró. Nǹkan bí ìdá kan nínú 5 á di òpó, wọ́n á kú. Ìyókù á di irúgbìn lórí òpó náà, wọ́n á máa retí oúnjẹ.

Ta ló wá ń di òpó? Ẹ fo ìyẹn. Ní 1973, àwọn onímọ̀ da sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi glúkóòsì (irú ṣúgà kan) bọ́ pọ̀ mọ́ èyí tí wọn ò fún ní glúkóòsì. Àwọn tó ti jẹ glúkóòsì ló pọ̀ jù nínú irúgbìn. Àwọn tí kò rí i jẹ kí ìyàn tó dé ló lọ sídìí òpó. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó ń ṣe màgòmágó, tí ìpín wọn nínú irúgbìn máa ń ju ìpín tí wọ́n bá wá lọ. Ẹni tó bá dàgbà ní agbo ilé mọ irú wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Àwòrán tí ẹ fi sí i náà, olú gidi ni. Ìyá mi rí i, wọ́n ní ó ṣeé sè.

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì kan, Ìbàdàn