Iye ọkọ̀ àtijọ́ tó ti ní ìjàǹbá rí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Àwọn tó fẹ́ fi mọ́tò àtijọ́ wọn ṣe pààrọ̀ (kí wọ́n yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ rà) máa ń rò pé bákan náà ni gbogbo ìjàǹbá rí lójú oníṣòwò ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ńpà tí wọ́n pààrọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín owó ọkọ̀ ọlọ́dún 12 kù, torí ọjọ́ orí àti ìrìn rẹ̀ ti dín in kù ná. Ẹjọ́ mìíràn ni ti ṣáásì (férémù irin tó gbé ọkọ̀ ró) tó tẹ̀ tí wọ́n nà tọ́, tàbí airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo èèyàn nígbà ìjàǹbá) tó ti tú jáde.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó ni oníṣòwò máa ń kọ́kọ́ gbé jáde. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 180 (ẹgbẹ̀rún kan máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan). Bó bá ju 300 lọ, ó jọ pé wọ́n ti tún un kùn. Bó bá wọ 1,000, ó jọ pé bọ́dì fílà (ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó wọnú kí wọ́n tó kùn ún) ló wà lábẹ́ rẹ̀. Yóò tún wo àwọn bóòtù tó di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú bóyá sípánà ti họ ọ̀dà ibẹ̀, àti táyà tó jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nítorí náà, ẹ kó rìsíìtì àtúnṣe dání, pẹ̀lú àwòrán tí ẹ yà kí wọ́n tó tún ọkọ̀ náà ṣe. Ẹni tó bá fi ìjàǹbá pamọ́ (ìwà tí kò bójú mu ni, lójú tèmi) ń jẹ́ kí oníṣòwò rò pé ó burú jù bó ṣe rí lọ. Ẹ má náwó lórí ibi kékeré tó wọnú. Owó náà kì í sábà padà. Kí ẹ sì gba iye ọkọ̀ yín lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta, kí ẹ tó sọ èyí tí ẹ fẹ́ rà.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín